Tí Fóònù Ò Bá Jẹ́ Kí Ẹ Ronú Mọ́: Ohun Tí Ẹ Máa Ṣe, Láti Ìgbésẹ̀ Kìíní

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé ṣáá. "Mo fẹ́ kàwé, mi ò tíì ka ojú ewé kan tán tí ọwọ́ mi á ti wà lórí fóònù." "Aago kan òru ni mo máa ń sùn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ni mò ń ṣe." "Orí mi kún, mi ò mọ nǹkan tó kún inú ẹ̀." Àwọn tó ń béèrè ò jọra wọn rárá, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Secretariat l'Abuja wà níbẹ̀, ẹni tó ń ta aṣọ ní Wuse wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ní Zaria, ìyálọ́mọ ní Kubwa, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó ìdáhùn jọ sójú kan kí ẹ lè máa tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀lẹ lẹ ya. Owó ìpolówó ni àwọn tó ṣe àwọn app yìí ń jẹ, bí ẹ bá ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ lowó wọn ṣe ń pọ̀ tó, torí náà wọ́n ṣe é kó má lópin: ẹ fà á sókè, òmíràn yọ, ẹ tún fà á, òmíràn tún yọ. Ẹni tó bá ní ojú líle nìkan lòun máa fi bá a jà, ó máa rẹ̀ ẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ohun tá a máa yí ni settings, ibi tí fóònù ń sùn, àti wákàtí tẹ́ ẹ ń wò ó. Mi ò sì ní sọ pé kí ẹ pa WhatsApp rẹ́, torí àwa tá a wà l'Òkè Ọya níbí, orí fóònù ni ilé wa wà, màmá wà l'Óṣogbo, ẹ̀gbọ́n wà n'Íbàdàn, alert owó oṣù ń wọlé síbẹ̀, ìròyìn ojú ọ̀nà wà níbẹ̀. Ẹni tó ní ká ju fóònù nù kò mọ bá a ṣe ń gbé níbí.

## Ẹ kọ́kọ́ yẹ ara yín wò

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí fóònù ń gba àkókò mọ́ lọ́wọ́, tó sì ń da ọkàn ẹ̀ rú. Kì í ṣe ìtọ́jú àìsàn. Tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí inú yín ò dùn lójoojúmọ́, tí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ ò wù yín mọ́, tí oúnjẹ ò lọ lẹ́nu, tí oorun ò wá kódà nígbà tí fóònù ò sí nítòsí, tàbí tó ti ń wá sí yín lọ́kàn pé ikú sàn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí settings o. Ẹ sọ fún ẹnì kan tẹ́ ẹ fọkàn tán lónìí, kí ẹ sì lọ rí dókítà. L'Abuja, ẹ lè lọ sí Teaching Hospital tó wà ní Gwagwalada. Ní Kaduna, Federal Neuropsychiatric Hospital wà ní Barnawa. Ẹni tí ibẹ̀ jìnnà sí lè bẹ̀rẹ̀ láti general hospital tó sún mọ́ ọn, wọ́n á kọ lẹ́tà fún un. Òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023 dáàbò bo ẹ̀tọ́ ẹni tó bá lọ gba irú ìtọ́jú yìí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé wèrè nìkan ló ń débẹ̀.

## Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí, ní ṣókí

Ohun tó ń da orí rú jù ni yíyí láti ibì kan síbòmíràn, ó ju kéèyàn pẹ́ lórí fóònù lọ. Gloria Mark, ọ̀jọ̀gbọ́n ní University of California ní Irvine, wọn ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 2004, ó rí i pé èèyàn máa ń wo ohun kan lójú kọ̀ǹpútà fún bí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ kó tó yí sí òmíràn. Láwọn ọdún àìpẹ́ yìí, bí ìṣẹ́jú àáyá 47 ló kù. Olùwádìí kan, Sophie Leroy, náà fi hàn lọ́dún 2009 pé téèyàn bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láì tíì parí tó bọ́ sórí òmíràn, apá kan ọkàn ẹ̀ ṣì wà lára ti àkọ́kọ́. Bí ẹni tó ń gúnyán tí wọ́n ń pè jáde ṣáá ni, kó tó padà dé ìdí odó, iyán ti tutù, kókó ti wà nínú ẹ̀. Torí náà message tẹ́ ẹ kà fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kì í ṣe ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá yẹn nìkan ló gbà lọ́wọ́ yín, àsìkò tẹ́ ẹ máa fi wá ibi tẹ́ ẹ bá a dé nínú iṣẹ́ yín wà ńbẹ̀ pẹ̀lú.

Lọ́dún 2017, Adrian Ward àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní University of Texas fún àwọn èèyàn ní ìdánwò, àwọn kan gbé fóònù sórí tábìlì, àwọn kan fi sínú àpò tàbí báàgì, àwọn kan fi sílẹ̀ ní yàrá míì. Àwọn tí fóònù wọn wà ní yàrá míì ló ṣe dáadáa ju àwọn tí tiwọn wà lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ fóònù ò sì dún. Àwọn míì tún irú ìdánwò yìí ṣe lẹ́yìn náà, èsì wọn ò bára mu délẹ̀. Àmọ́ kò ní kí ẹ san kọ́bọ̀ láti gbé fóònù sí yàrá kejì, ẹ dán an wò fúnra yín.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wo ohun tí fóònù ti kọ sílẹ̀ nípa yín

1. Lórí Android, ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Digital Wellbeing. Lórí iPhone, Settings ni, lẹ́yìn náà Screen Time.
2. Ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ sínú ìwé: app mẹ́ta tó ń gba àkókò yín jù, iye ìgbà tẹ́ ẹ ń ṣí fóònù lójúmọ́, iye notification tó ń wọlé.
3. Níwájú app kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ń lò ó fún: owó, ẹbí, tàbí kí ọjọ́ ṣáà lọ.

Tí fóònù yín bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ ò rí Digital Wellbeing níbẹ̀, ẹ mú bírò, ẹ máa fa ìlà kan sínú ìwé nígbàkúgbà tẹ́ ẹ bá ṣí i. Ọjọ́ kan péré ti tó.

Ẹ má tíì yí nǹkan kan padà lọ́jọ́ yìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa rí iye wákàtí yẹn, àyà wọn á já, wọ́n á pa Facebook àti TikTok rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kó tó di ọjọ́ Àìkú wọ́n ti gbé gbogbo ẹ̀ padà.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ pa ariwo

Ìgbésẹ̀ yìí ló rọrùn jù, òun náà lẹ máa tètè rí èrè ẹ̀.

1. Ẹ jẹ́ kí ìpè, SMS àti alert báńkì máa dún. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.
2. Tí notification app mìíràn bá wọlé (yàtọ̀ sí WhatsApp, tá a máa dé ní ìgbésẹ̀ 3), ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, Android á gbé ibi tẹ́ ẹ ti lè pa á jáde. Lórí iPhone, ẹ fà á sápá òsì, ẹ tẹ Options.
3. Ẹ pa nọ́ńbà pupa tó máa ń wà lórí àmì app náà, torí ojú máa ń rí i kí ọkàn tó pinnu.
4. Ẹ kó Facebook, TikTok, Instagram àti X kúrò lójú àkọ́kọ́ fóònù, kó jẹ́ pé ẹ máa wá wọn kí ẹ tó rí wọn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni kí èèyàn pa gbogbo fóònù lẹ́nu, kó fi sí silent látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ máa rí i pé ńṣe lẹ máa túbọ̀ máa yọ ọ́ wò, torí ẹ ò mọ̀ bóyá ìyàwó pè àbí ọ̀gá pè. Ohun tó yẹ kó dún kó dún. Ìyókù kó dákẹ́.

## Ìgbésẹ̀ 3: WhatsApp, gúrúùpù ẹbí, àti àwọn àgbà

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà fún àwa Yorùbá, torí settings ò le, ojú àwọn èèyàn ló le. Gúrúùpù ẹbí bàbá, gúrúùpù ẹbí màmá, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí àsàlátù, old students, landlord, kíláàsì ọmọ, gbogbo wọn ń kí "ẹ kú àárọ̀" pẹ̀lú fọ́tò òdòdó kó tó di aago mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ téèyàn ò bá dáhùn, wọ́n á ní Abuja ti yí i padà. Ẹ jẹ́ ká ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

1. Ẹ tẹ "Pin" láti gbé àwọn èèyàn pàtàkì sókè, kí màmá, ọkọ tàbí ìyàwó, àti ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ máa wà lórí gbogbo ìyókù.
2. Gúrúùpù tí kò kan ọjọ́ òní, ẹ tẹ Mute, ẹ mú Always. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹ mute òun, WhatsApp kì í sọ fún wọn.
3. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e sínú Archive. Ẹ wo settings Chats, ẹ rí i pé "Keep chats archived" wà ní títàn, kí gúrúùpù náà má tún jáde wá nígbà tí message bá wọlé.
4. Ní Storage and data, ẹ pa auto-download fídíò àti fọ́tò. Dátà yín á pẹ́, fídíò tí ẹ ò béèrè fún ò sì ní máa wọlé fúnra ẹ̀.
5. Ní Privacy, lẹ́yìn náà Groups, ẹ mú "My contacts", kí àlejò má máa fà yín wọ gúrúùpù káàkiri.
6. Tí àmì aláwọ̀ búlúù bá ń kó yín sí wàhálà, ẹ pa Read receipts. Àmọ́ ẹ rántí pé ẹ̀yin náà ò ní rí tiwọn mọ́, kò sì ṣiṣẹ́ nínú gúrúùpù.

Kí ẹ tó gbé gúrúùpù ẹbí lọ sí Archive, ẹ kọ̀wé sí wọn ná. Ẹ lè lo irú èyí:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin àgbà wa. Mo kí gbogbo ilé. Iṣẹ́ ti wá ń le díẹ̀ níbí, alẹ́ ni mo máa ń ráyè ka gúrúùpù, ẹ má bínú tí mi ò bá tètè dáhùn. Ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ kánjúkánjú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ pè mí, mo máa gbé e."

Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Tí wọ́n bá pè, ẹ gbé e. Àgbà tó bá ti rí i pé tí òun bá pe ọmọ òun á gbé e, kì í fi gúrúùpù ṣọ́ ọ mọ́. Fún màmá àti bàbá ní pàtó, ẹ yan ọjọ́ tẹ́ ẹ máa ń pè wọ́n, kí ẹ gbọ́ ohùn ara yín. Ìpè ìṣẹ́jú mẹ́wàá máa ń tẹ́ wọn lọ́rùn ju "Àmín" ogún nínú gúrúùpù lọ, ó sì máa ń tẹ́ ẹ̀yin náà lọ́rùn.

Tí ẹ bá jẹ́ admin, iṣẹ́ yín pọ̀ ju ti àwọn yòókù. Ẹ lè yí gúrúùpù ìkéde padà kó jẹ́ admin nìkan lá máa kọ̀wé síbẹ̀, kí ìkéde ìpàdé má baà rì sáàárín fọ́tò.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ìròyìn ìbẹ̀rù

Ẹni tó bá wà l'Abuja lọ́dún 2022 mọ ohun tí mò ń sọ. Ọjọ́ 28 oṣù kẹta ni wọ́n kọlu ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Kaduna, nígbà tó di ọjọ́ 5 oṣù keje wọ́n ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje. Nǹkan gidi lèyí, kò sẹ́ni tó lè ní kí ẹ má bẹ̀rù. Àmọ́ ohun tó máa ń tẹ̀ lé irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni voice note tí kò lórúkọ, "wọ́n ti wọ àdúgò báyìí o", fídíò àtijọ́ tí wọ́n ní ti òní ni, àti ẹ̀jẹ̀ tó kún ojú fóònù. Àyà á máa já lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́ bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu géètì, bẹ́ẹ̀ ẹ wà lórí àga yín ní Lugbe, kò sí nǹkan kan tẹ́ ẹ lè ṣe sí i. Ọkàn tó wà nírú ipò yẹn ò lè ronú tó já gaara.

Ìkìlọ̀: ẹ má pa gbogbo ìròyìn ààbò o. Níbi tá à ń gbé yìí, ìròyìn kan lè gba ẹ̀mí là. Ẹ ṣe é báyìí:

1. Ẹ fi gúrúùpù kan ṣoṣo sílẹ̀ kó máa dún, ti estate tàbí ti landlord, níbi tẹ́ ẹ ti mọ àwọn èèyàn lójú. Tí wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù sínú ẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ya ti ààbò sọ́tọ̀.
2. Ìyókù ìròyìn, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì. Rédíò dára fún èyí ju fóònù lọ, torí ìròyìn rédíò máa ń parí.
3. Tí message bá ní ọfà méjì lórí tó kọ "Forwarded many times", ó ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020, WhatsApp ò jẹ́ kéèyàn fi irú ẹ̀ ránṣẹ́ ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fura sí i.
4. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ bi ara yín: Níbo? Nígbà wo? Ta ló fojú ara ẹ̀ rí i? Kí ni ẹni tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí lè ṣe sí i? Tí ìdáhùn kan bá sọnù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ jẹ́ kó parí lọ́dọ̀ yín.
5. Fídíò ibi tí wọ́n ti ń pa èèyàn, ẹ má ṣí i. Ohun tójú bá ti rí, kò ṣeé pa rẹ́ bí message.
6. Tí nǹkan bá ń ṣẹlẹ̀ níwájú yín lóòótọ́, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì, ọ̀fẹ́ ni.

Ohun kan tó tún máa fún yín nísinmi: tí ìròyìn burúkú bá jáde nípa Abuja tàbí Kaduna, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pe ilé. "Màámi, mo wà láàyè, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ jìnnà sí wa." Tí ẹ ò bá tètè pè, ìpè á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé látọ̀dọ̀ gbogbo ẹbí, ìbẹ̀rù tiwọn á sì wá kún tiyín.

## Ìgbésẹ̀ 5: Fóònù kúrò ní yàrá

Tí ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo bá wà tẹ́ ẹ lè ṣe nínú gbogbo èyí, ẹ ṣe èyí. Oorun tí ò tó máa ń ba ìrántí jẹ́, ó máa ń jẹ́ kéèyàn tètè bínú, ó sì máa ń sọ ìṣòro kékeré di ńlá lójú ẹni. Ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù wà lára ohun tó ń fà á. Wọ́n ti dán an wò lórí àwọn tó ń ka ìwé lórí ẹ̀rọ tó ń tànmọ́lẹ̀ kí wọ́n tó sùn, wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó sùn ju àwọn tó ka ìwé gidi lọ, ojú wọn ò sì dá dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àmọ́ lójú tèmi ohun tó wà nínú fóònù burú ju ìmọ́lẹ̀ lọ, torí kò sẹ́ni tó máa ka àríyànjiyàn òṣèlú ní aago méjìlá òru tọ́kàn ẹ̀ á balẹ̀.

1. Ẹ ra aago kékeré tó ní alarm. Ó wà ní Wuse, ó wà ní Mararaba, kò wọ́n. "Alarm ni mò ń lò ó fún" ló ń gbé fóònù wọ yàrá ọ̀pọ̀ èèyàn.
2. Ẹ yan ibi tí fóònù á máa sùn sí ní pálọ̀.
3. Ní wákàtí kan kí ẹ tó sùn, ẹ gbé e síbẹ̀.
4. Láàárọ̀, ẹ má mú un àfi tẹ́ ẹ bá ti wẹ̀, tẹ́ ẹ ti gbàdúrà tàbí kírun. Ẹni tó ń ka Bíbélì tàbí Kùránì lórí fóònù, ẹ ra ti oníwèé. Mo mọ ọ̀pọ̀ èèyàn tó jẹ́ pé orí ẹsẹ ìwé mímọ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, orí Facebook ni ilẹ̀ mọ́ bá wọn.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ:

- "Òru ni NEPA ń mú iná wá." Ẹ jẹ́ kó wà lójú iná ní pálọ̀, kó máa gba agbára fúnra ẹ̀. Kò nílò kẹ́ ẹ ṣọ́ ọ.
- "Tí wọ́n bá pè mí lóru ńkọ́?" Ẹ tan Do Not Disturb, ẹ jẹ́ kí ìpè àwọn tẹ́ ẹ yàn nìkan máa dún. Tí pálọ̀ bá jìnnà jù, tàbí tí àdúgò ò fararọ, ẹ gbé e sórí àpótí lápá kejì yàrá, níbi tẹ́ ẹ ti máa gbọ́ ọ ṣùgbọ́n tọ́wọ́ ò ní tó o láti orí bẹ́ẹ̀dì.
- "Iná fóònù ni mo fi ń ríran." Ẹ ra tọ́ọ̀ṣì.
- "Dátà òru ló rọ̀ lówó." Òótọ́ ni, àmọ́ oorun lẹ fi ń san ìyókù. Tó bá pọn dandan, ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi gba ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wò sílẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ tún ọpọlọ kọ́ bó ṣe ń dúró sójú kan

Tí ariwo bá ti dákẹ́, ẹ máa rí i pé ọkàn ò tún fẹ́ jókòó. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa fò. Ẹ má bínú sí i, díẹ̀díẹ̀ ni.

1. Ẹ yan iṣẹ́ kan ṣoṣo. Fóònù ní yàrá míì, ìṣẹ́jú 15 péré ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Tó bá ti rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ gbé e sí 25.
2. Ẹ gbé ìwé kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí ọkàn bá sọ pé "jẹ́ kí n wo iye dọ́là", "mi ò tíì dá Bọ̀dá lóhùn", ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ máa ṣe é tí ìṣẹ́jú bá pé.
3. Kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ Google tàbí ChatGPT, ẹ kọ ohun tẹ́yin fúnra yín rò sílẹ̀ ná, bó tilẹ̀ jẹ́ ìlà méjì. Olùwádìí kan, Betsy Sparrow, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ rí i lọ́dún 2011 pé téèyàn bá ti mọ̀ pé kọ̀ǹpútà máa tọ́jú ọ̀rọ̀ kan fóun, kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí ọ̀rọ̀ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ń bá wí jù níbí. Ẹ ronú ná, kí ẹ tó lọ wò ó.
4. Nínú mọ́tò, ẹ jẹ́ kí fóònù wà nínú báàgì. Go-slow Nyanya sí AYA yẹn, ọ̀pọ̀ ń fi gbogbo ẹ̀ wo fídíò, wọ́n á dé ibi iṣẹ́ bí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ tán. Ewu míì tún wà níbẹ̀: ẹni tó tẹjú mọ́ fóònù ò ní tètè mọ̀ tí awakọ̀ bá yà kúrò lójú ọ̀nà, one chance sì wà l'Abuja. Ẹ wo ojú ọ̀nà, ẹ ronú nípa ọjọ́ yín.

## Ìgbésẹ̀ 7: Status, ọ̀wàm̀bẹ̀ àti àwọn tó ti jáde lọ sókè òkun

Ẹ wà l'Abuja, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín wọ aṣọ ẹbí n'Íbàdàn láìsí yín, ẹlòmíràn gbé fọ́tò Canada síta, owó ilé yín ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ìbànújẹ́ tó ń tibẹ̀ wá, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Lọ́dún 2018, àwọn olùwádìí ní University of Pennsylvania mú akẹ́kọ̀ọ́ 143, wọ́n ní kí apá kan dín Facebook, Instagram àti Snapchat kù sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìdánìkanwà àti ìrẹ̀wẹ̀sì wọn dín kù sí ti àwọn tó ń lò ó bó ṣe wù wọ́n. Wọn ò ní kí wọ́n kúrò níbẹ̀ o, wọ́n ní kí wọ́n dín in kù ni.

1. Ẹ fi app timer sí àwọn app yẹn nínú Digital Wellbeing tàbí Screen Time, ìṣẹ́jú 30 lápapọ̀.
2. Ẹni tí Status ẹ̀ máa ń ba inú yín jẹ́, ẹ mute Status ẹ̀. Kì í ṣe ìkórìíra.
3. Tí ọkàn yín bá fà sí ẹnì kan, ẹ pè é dípò kí ẹ máa wo fọ́tò ẹ̀. Ẹnu máa yà yín nígbà tẹ́ ẹ bá gbọ́ bí nǹkan ṣe rí gan-an lọ́dọ̀ ẹni tó ti jáde yẹn.
4. Ẹ fi nǹkan rọ́pò wákàtí tẹ́ ẹ gbà padà, torí àyè tó ṣófo, fóònù ló máa tún gbà á. Ìpàdé ọmọ ìlú, kí ẹ lọ jókòó níbẹ̀ lójúkojú. Ìrìn ìrọ̀lẹ́ ní Jabi Lake tàbí Millennium Park. Ayò, ludo, oúnjẹ tẹ́ ẹ jọ sè.

Ní ti ọmọdé, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ lọ́dún 2019 pé ọmọ tí ò tíì pé ọdún méjì ò gbọ́dọ̀ wo screen rárá, ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí kan lójúmọ́. Ẹ má fi fóònù rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

## Tó bá jẹ́ orí fóònù ni oúnjẹ yín wà

Ẹni tó ń ta aṣọ, tó ń ta oúnjẹ, tó ń gba order lórí WhatsApp, ìgbésẹ̀ 2 àti 3 ò lè rí bákan náà fún yín.

- Ẹ lo WhatsApp Business pẹ̀lú nọ́ńbà tiẹ̀ lọ́tọ̀, kí oníbàárà àti ẹbí má jọ wà lójú kan.
- Ẹ kọ away message: "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ kàn sí wa. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́jọ alẹ́ la máa ń dáhùn." Ohun tó máa ń lé oníbàárà lọ ni kó má mọ ìgbà tẹ́ ẹ máa fèsì.
- Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi yín ṣáá, "èló ni?", "ẹ ń gbé e wá sí Gwarinpa?", ẹ fi quick replies, ìyẹn ìdáhùn tẹ́ ẹ ti kọ sílẹ̀ ṣáájú, dáhùn ẹ̀.
- Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé ọjà sórí Instagram, ẹ gbé e tán kí ẹ jáde. Ẹ má ṣe fà á sókè.

## Tó bá tún yẹ̀

Ó máa yẹ̀, pàápàá lásìkò ìdìbò, lásìkò bọ́ọ̀lù, tàbí tí ìròyìn burúkú bá jáde. Ẹ má tún gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ yẹ nǹkan mẹ́ta yìí wò:

- Ṣé fóònù ti padà wọ yàrá?
- Ṣé gúrúùpù tuntun kan wà tí ẹ ò tíì mute?
- Ṣé app kan wà tẹ́ ẹ yọ tẹ́ ẹ sì tún gbé padà, tí notification ẹ̀ sì ti ń dún?

Èyí tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ni nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun nìkan ni kẹ́ ẹ tún ṣe. Tó bá sì jẹ́ fóònù tuntun lẹ rà, ẹ tún ìgbésẹ̀ 2 àti 3 ṣe látìbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé e délé, kí ọwọ́ tó mọ ibi tí wọ́n kó nǹkan sí.